Àparò Tí Bàbá Ràmọ́nì Dú

Oòrùn ti gòkè díẹ̀ lórí adágún odò tó wà lẹ́yìn ìlú Ofiki nígbà tí Sodiqat gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, koríko ti hù, ẹyẹ sì pọ̀ létí omi. Olúwaṣọlá, òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti igbó, ló kó àwọn obìnrin àgbẹ̀ mẹ́fà wá wò wọ́n, Sodiqat sì wà lára wọn.

"Lékeléke mẹ́tàdínlógún," ni Sodiqat wí. "Pẹ́pẹ́yẹ odò mẹ́rin. Ẹ wo èyí tó ranjú mọ́ ìsàlẹ̀ omi, tó gbé ìdí sókè bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́!"

Ẹ̀rín sọ. Ó yí awò náà sí oko àgbàdo tó wà létí odò, ó sì rí àparò kan tó ń rìn bí ọ̀mùtí. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ọkùnrin kan ń lé e, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Áà! Bàbá Ràmọ́nì ni, baba ọkọ rẹ̀!

Kí wọ́n tó débẹ̀, Bàbá ti dú ẹyẹ náà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Sodiqat kúnlẹ̀.

"Ìyá Àwáwù, o mà wá lásìkò! Láìyìnbọn, láìdẹ pàkúté, ìkẹta nìyí. Mo ti fi méjì rán ìyá ọkọ rẹ lọ sílé ní kùtù òwúrọ̀. Mo ní kó se é, kó fi itan kan sílẹ̀ fún Àwáwù."

"Bàbá," ni Olúwaṣọlá wí, "àparò tí ara rẹ̀ yá kì í dúró de ọ̀bẹ. Kí ló ṣe é?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo ṣe bisimilá, mo dú u kó tó kú. Halálì ni. Kì í ṣe òkúǹbete."

Ohun tí Sodiqat náà ti gbọ́ láti kékeré nìyẹn: ẹran tí ọ̀bẹ bá bá láàyè, jíjẹ ni.

Olúwaṣọlá ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, ó la àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn àparò náà. Àgbàdo dà síta, gbogbo rẹ̀ pupa bí osùn.

Ohùn Bàbá wálẹ̀. "Àgbàdo tí mo gbìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Mo po oògùn pupa mọ́ ọn nítorí kòkòrò."

"Àparò ti hú u jẹ, Bàbá. Oògùn náà ti wọ inú ẹran ara rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í yọ májèlé, iná kì í sè é kúrò. Halálì tó dára ni Àlùkùránì ní ká jẹ."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Àwáwù! Sodiqat pe fóònù ìyá ọkọ rẹ̀, kò wọlé.

"Bàbá, mo ń lọ gba ọbẹ̀ àparò yẹn lọ́wọ́ Ìyá."

"Dúró ná. Ìyàwó ilé kì í gba ìkòkò lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Tí mo bá délé, màá sọ fún un fúnra mi."

"Ẹ bínú sí mi títí di ọdún Iléyá, Bàbá. Mo ń lọ."

Ó ké sí Olúwaṣọlá, ó gba ike tí oògùn irúgbìn náà wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n sì gun ọ̀kadà.

Nígbà tí wọ́n wọlé, itan àparò ti wà lọ́wọ́ Àwáwù. Sodiqat já a gbà. Ọmọ fi igbe ta.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ni ìyá ọkọ rẹ̀ bi í.

"Májèlé ni, Ìyá! Ṣé ó ti jẹ ẹ́?"

"Kò tíì fi kan ẹnu. Èmi ni mo tọ́ omi ọbẹ̀ wò, ṣíbí kan." Ìyá na ọwọ́ sí ìgò epo pupa. "Ẹ jẹ́ n mu epo sí i."

"Epo kọ́, Ìyá. Ọsibítù ni."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ Ìyá lórí ibùsùn, ike oògùn náà sì ni dókítà fi mọ ohun tó yẹ kó ṣe; kò ṣe Ìyá ní nǹkan kan. Bàbá Ràmọ́nì bá wọn níbẹ̀, ó ti ri àwọn àparò náà mọ́lẹ̀. Lójú gbogbo èèyàn ló sọ pé, "Ìyàwó mi, o ṣeun tí o kò gbọ́ tèmi."

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, bí ẹ bá po oògùn mọ́ irúgbìn, ẹ bò ó jinlẹ̀, kí ẹ sì ṣa èyí tó bá dà sílẹ̀. Ẹyẹ tí ẹ bá bá tó ń ta gìrìgìrì, tàbí tó kú láìsí ọgbẹ́, ẹ má dú u, ẹ má gbé e lọ sọ́jà. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sómi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ ẹ́, ẹ má dúró de èébì, ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì tan ara yín. Ẹ mú ike oògùn náà dání lọ sí ọsibítù. Bí ọmọ bá sì ń sunkún nítorí ẹran, ẹ jẹ́ kó sunkún. Àìjẹ ẹran kì í pa ọmọ.