Ọjọ́ Tí Drumshalla Fìdí Rẹmi

Ife ọtí ni ọkùnrin náà ń tò sórí tábìlì nígbà tí Sorcha Tiernan kọ́kọ́ fojú kàn án. Òjò ti rin ín gbingbin, irun pupa rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, ó sì tẹ̀ mọ́ àwọn ife náà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Àwọn ọkùnrin Drumshalla pagbo yí i ká nínú ilé ọtí Bernie. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Knockvarna ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ààmì kan ṣoṣo gba ife ìdíje mọ́ Drumshalla lọ́wọ́ nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ àwọn ará Ireland ni. Àwọn tí ojú wọn rí i nígbà tí Drumshalla gba ife náà gbẹ̀yìn ti darúgbó, àwọn mìíràn ti wà nínú ilẹ̀. Lọ́dún yìí, gbogbo abúlé ló gbà pé àsìkò wọn ti dé.

"Rẹfirí ló rẹ́ wa jẹ!" Josie Quirke fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. Àgbà ni Josie, ó ti ń ta màlúù kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ò lè fi tọ́ọ̀ṣì rí ìdí ara ẹ̀."

"Atẹ́gùn ńkọ́?" ni ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Atẹ́gùn yẹn burú."

"Atẹ́gùn kan náà ló dojú kọ àwọn náà ní ìlàjì àkọ́kọ́," ni ọkùnrin onírun pupa náà dáhùn. "Josie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí." Ó mú ife kan tí ọtí ṣì kù sí nídìí, ó gbé e dá dúró níwájú agolo iyọ̀ méjì tó fi ṣe òpó góòlù. "Ruairí rè é. Iṣan itan ẹ̀ ti fà kí wọ́n tó lọ sinmi, afọ́jú gan-an rí i. Ọmọ Knockvarna tó ń ṣọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ yá bíi ti ehoro. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù gíga sí i, ó gbá a gba òkè òpó, ààmì kan. Wọ́n tún ju òmíràn, ó gbá a wọ àwọ̀n, ààmì mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó padà wá ran Ruairí lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Kì í ṣe Ruairí ló tì wá sí kòtò o. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni."

Bernie wú ikọ́ ìkìlọ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí omidan kan lẹ́nu ọ̀nà, tó fi síkáàfù aláwọ̀ ewé àti funfun ti Drumshalla wé ọrùn.

"Ẹni tó fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ni Sorcha wí, "bàbá mi ni. Ruairí yẹn sì rèé, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kì í ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí."

Ìkòkò ọbẹ̀ tí Bernie sè fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ló wá gbé. Ó gbé e, ó bọ́ sínú òjò. Kò tíì dé ìdí ọkọ̀ nígbà tí ọwọ́ kan di etí kejì ìkòkò náà mú.

"Malachy Gaffney lorúkọ mi."

"Mi ò béèrè."

"Ìkòkò yìí wúwo."

"Kò wúwo tó ẹnu ẹ."

Omi òjò ń ṣàn lára imú Malachy. "Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ibi tí mo ti sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí mo sọ, torí mo rí i."

Sorcha fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Láti ìgbà tí eré ti parí, gbogbo ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ló ń bú rẹfirí, tí wọ́n ń bú òjò, tí wọ́n ń fi Ọlọ́run sùn. Òun náà sì ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tiro lórí pápá, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Èmi náà rí itan ẹ̀," ó rọra wí. Wọ́n jọ gbé ìkòkò náà sínú ọkọ̀.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú ọ̀fọ̀ bọ́ọ̀lù. Malachy ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Boston dé láti wá tọ́jú ìyá rẹ̀ ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní jọ́gíráfì nílùú. Ilé ìtajà oògùn nílùú náà ni Sorcha ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí àìsàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkùnrin náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

"Ikọ́ tún ni?"

"Ikọ́ ni."

"Wúkọ́ kí n gbọ́."

Ó wúkọ́. Sorcha mi orí. "Ìyẹn kì í ṣe ikọ́. Ewúrẹ́ lo ń fara wé. A ò ní oògùn ewúrẹ́ níbí."

"Ṣé ẹ ní ẹni tó lè bá ewúrẹ́ rìn dé etí adágún lọ́la?"

Wọ́n rìn dé etí adágún lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ń rìn ín lọ bẹ́ẹ̀ títí ewé fi wọ́ tán lórí igi. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ, lẹ́yìn náà ìyá Sorcha tó ti kú, àti Boston, àti bí èèyàn ṣe ń pẹ́ lókè òkun tí ilé yóò fi di ibi tó kàn ń rántí. Lọ́jọ́ kan Malachy pè é ní "ọkàn mi" láìmọ̀, ojú tì í, Sorcha sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kí ó lè tún un sọ.

Ṣùgbọ́n ilé Tiernan ti fọ́ sí méjì. Ẹnì kan tí ọtí ń pa ti pariwo mọ́ Ruairí nílé epo pé, "Ìwọ lo gbé ife wa fún wọn!" Ruairí ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní iṣẹ́ wà ní Perth, ní Ọsirélíà. Ní àárọ̀ tí ó lọ, Mattie, bàbá wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Kò ní kó máa lọ, kò sì ní kó má lọ. Ó fi ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an, ó sì ń jókòó sídìí iná láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nílé ọtí kì í sùn síbẹ̀. Ó dé etí Mattie.

"Ọmọ Gaffney yẹn," ó sọ fún Sorcha láìyí ojú kúrò níbi iná, "ẹni tó fi ọmọ mi ṣe ife ọtí lójú ayé. Ṣé òun lò ń bá rìn?"

"Òun ni, Dádì."

"Kò ní jókòó sórí àga ilé yìí nígbà tí mo bá wà láàyè."

Bóyá Sorcha ì bá jà. Ṣùgbọ́n kí Kérésì tó dé, dókítà pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni inú tó ń run bàbá rẹ̀, ó sì ti tàn kálẹ̀. Ta ni yóò bá ẹni tó ń kú lọ jà? Ó lọ bá Malachy létí adágún.

"Èmi nìkan ló kù fún Dádì," ó wí. "Mi ò lè máa ti ọ̀dọ̀ ẹ wọlé, kí n máa rí ojú wọn. Malachy, má wá mọ́."

Malachy kọjú sí omi náà. "Ká ní mo panu mọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ká ní o panu mọ́, mi ò bá tí mọ̀ ọ́."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi wọ Sorcha lọ́wọ́. Ó lọ láì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Sorcha sunkún títí ó fi délé, ó nu ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé lọ gbé omi tíì kaná.

Ní ìgbà òtútù yẹn, gbogbo Drumshalla wá kí Mattie. Wọ́n ń jókòó yí iná ká, wọ́n ń jẹ kéèkì, wọ́n ń gbá eré náà lákọ̀tun. Josie Quirke ló ń bú rẹfirí, Bernie ló ń bú atẹ́gùn. Ẹnì kan wà tó ní bọ́ọ̀lù kan ti kọjá ìlà. Mattie a máa mi orí bí ẹni tó gbà, bí wọ́n bá sì lọ tán, a yí ojú sí ògiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí Josie lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀. "Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa fún mi, Sorcha. Irọ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Ọmọkùnrin onífe ọtí yẹn, ṣé ó ṣì wà ládùúgbò?"

Malachy dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà.

"Jókòó," ni Mattie wí. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń la pápá já tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kò dé ìdí fèrèsé mọ́. "Sọ èyí tí o sọ níjọ́sí. Má bù mọ́ ọn, má bù kúrò níbẹ̀."

Malachy wo Sorcha. Sorcha fi orí júwe pé kó sọ ọ́.

"Itan Ruairí ti fà kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí. Ó yẹ kí ẹ yọ ọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ yọ ọ́, ó yẹ kí ẹ dá ẹnì kan padà síwájú ẹ̀, kí bọ́ọ̀lù gíga má baà dé ọwọ́ ọmọ Knockvarna yẹn. Ẹ ò ṣe ọ̀kankan. Gbogbo wọn lẹ ní kí wọ́n máa kọ lu iwájú."

"Òótọ́ ni." Mattie mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Mo rí i kí ìwọ tó rí i. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń rìn. Ṣé mi ò ní mọ̀ bó bá ń tiro?"

"Kí ló wá dé?"

"Òun ni balógun ẹgbẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ ló máa gbé ife yẹn sókè. Ìyá ẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ kó tó kú. Mo fẹ́ kó ṣì wà lórí pápá nígbà tí fèrè bá dún." Ó fọwọ́ bo ojú. "Mo fi odidi abúlé ta tẹ́tẹ́ nítorí ọmọ mi. Ká ní mo yọ ọ́, ṣé à bá borí?"

Malachy yíjú sí iná. "Mi ò mọ̀, Mattie. Wọ́n lágbára lọ́jọ́ yẹn." Ó fà sún mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ sọ èyí fún. Ọkùnrin kan wà ní Perth tó rò pé òun ló gbé ife wa sọ nù."

Sorcha ti ń tẹ fóònù kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí Ruairí gbé e, Mattie fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

"Itan ẹ ńkọ́?"

"Ó ti san, Dádì."

"Mo rí i lọ́jọ́ náà. Mo rí i, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, Ruairí. Kì í ṣe tìẹ. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ẹkún ni wọ́n gbọ́, ẹkún ọkùnrin tó ti ń gbé ẹ̀bi náà kiri látìgbà yẹn. Bàbá náà ń sọ pé, "Ó tó, ọmọ mi, ó tó," títí ó fi rọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà Mattie gbé fóònù kalẹ̀, ó wo ife tó wà níwájú Malachy. "Sorcha, tíì ọkùnrin yìí ti tutù. Da òmíràn fún un."

Ruairí wà nínú bàálù nígbà tí Mattie Tiernan kú. Àárọ̀ kan tí òjò dá ni. Sorcha ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Malachy dìde, ó ṣí fèrèsé bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀, kí ẹ̀mí àgbà náà lè rọ́nà lọ, ó sì padà wá dúró ti Sorcha. Ní ọjọ́ ìsìnkú, Ruairí àti Malachy ló gbé iwájú pósí, apá ẹnì kìíní di èjìká ẹnì kejì mú. Josie Quirke ṣí fìlà létí ibojì. "Rẹfirí yẹn náà ò ní pẹ́ kú," ó wí kíkankíkan, Ruairí sì bú sẹ́rìn-ín, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Ruairí dé pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń bọ̀, Malachy pa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, torí Sorcha ti ń sunkún láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀.

"Malachy, sọ òótọ́ fún mi. Ká ní wọ́n yọ ọ́, ṣé à bá borí?"

Malachy yíjú sí i. "À bá borí wọn dáadáa."

"O sọ fún Dádì pé o ò mọ̀."

"Ó ti gbé èyí tó tó ẹni tó ń kú lọ, ọkàn mi. Mi ò lè di ìyókù rù ú."

Sorcha gbé orí lé èjìká rẹ̀. Àgùntàn ń jẹko nínú pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò kọbi ara sí ọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni.

"Mi ò ní ẹni tó máa fà mí lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ," ó wí nígbà tó yá.

"A ó jọ rìn ín ni. Láti ẹnu ọ̀nà."

"Ṣé ìbéèrè nìyẹn?"

"Ìbéèrè ni. Ṣé wàá fẹ́ mi, Sorcha?"

"Màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí. Jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ dádì mi tán."

"Màá dúró."

Ó sì dúró. Ìgbà tí igi ẹlẹ́gùn-ún tún yọ òdòdó funfun lára ọgbà ní ọdún kejì ni wọ́n jọ rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Drumshalla, kò sẹ́ni tó fà wọ́n lọ́wọ́. Ruairí jókòó níwájú. Ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó síbẹ̀.