Ọkùnrin Tó Gbé Bàtà Dání

Bàtà ni Egidio kọ́kọ́ rí kó tó rí ọmọge tó wọ̀ ọ́. Bàtà náà tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ó ń ró pàà-pàà lórí pákó afárá, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀ ọ́ gbórí sókè bí ìyàwó Gómìnà, agbọ̀n ìgò tó rù kò sì mì rárá. Ó dúdú, ó ń dán, ẹ̀rín sì ti wà létí ẹnu rẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò fi rín. Ó ju owó wẹ́wẹ́ sọ́wọ́ agbowó afárá.

"Gbà, bàbá," ó ní. "Mo wọ bàtà lónìí o."

Egidio Winklaar ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn ilé pákó agbowó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà.

Ẹ ò ní ṣàì rántí bí afárá wa ṣe rí nígbà náà. Orí àwọn ọkọ̀ tó léfòó ni wọ́n tẹ́ pákó rẹ̀ lé, kí wọ́n lè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ òkun bá fẹ́ kọjá. Ẹni tó bá wọ bàtà ló ń sanwó. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba ní àwọn fi ṣàánú mẹ̀kúnnù ni. Kí wá ni aráyé ṣe? Mẹ̀kúnnù ń yá bàtà kiri kí ó lè sanwó bí ẹni iyì, àwọn tó ní bàtà sì ń bọ́ ọ kí wọ́n lè kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Akọ̀wé ìjọba ni Egidio, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba àmì ọjà, àwòrán tí oníṣòwò fi ń dá ọjà rẹ̀ mọ̀, sílẹ̀ ní Punda. Kọ́là rẹ̀ funfun, irunmú rẹ̀ gún régé. Ṣùgbọ́n ahun ni. Ká má tan ara wa jẹ, ahun paraku ni.

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gbé bàtà sí abíyá, ó ń yọ́ lọ. Kò tíì dé àárín afárá tí aago fi dún. Ọkọ̀ òkun fẹ́ wọlé, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa afárá náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá sáré bọ́ sí èbúté. Egidio tí pákó ń gún lẹ́sẹ̀ kò lè sáré, ọmọge oníbàtà ńlá náà kò lè sáré, ni afárá bá gbé àwọn méjèèjì lọ sórí omi.

"Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá," ni ọmọge náà wí. "Ṣé ara bàtà yín ò yá ni, tí ẹ fi gbé e pọ̀n?"

"Ara rẹ̀ yá. Ó ń sinmi ni."

"Kó máa sinmi o jàre. Ẹsẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́."

"Tìrẹ ńkọ́? Èèyàn mélòó lẹ jọ wà nínú bàtà yẹn?"

Ọmọge náà rẹ́rìn-ín títí ìgò fi ń kan ara wọn nínú agbọ̀n. "Ti àǹtí mi ni. Àkísà ni mo fi dí iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sanwó mi, èmi ò sápamọ́ sẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni."

Ọkọ̀ òkun ńlá ń kọjá lọ, èéfín ń rú, gbogbo èèyàn ń juwọ́. Nígbà tí afárá padà sí àyè rẹ̀, Egidio ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé òun kò rí ọkọ̀ náà rárá.

"Kí lorúkọ rẹ?" ó béèrè.

"Ẹ sanwó afárá lọ́la, màá sọ fún yín."

Ẹ gbọ́ mi o, ó sanwó! Lọ́jọ́ kejì, Egidio wọ bàtà, ó sanwó bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ. Ọmọge ò yọjú. Ó sanwó lọ́jọ́ kẹta, ó sanwó títí ọ̀sẹ̀ fi parí, owó ń lọ, ọmọge ò dé. Ó padà sí ẹsẹ̀ lásán tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, ó sì ń bú ara rẹ̀ pé ìfẹ́ ti fẹ́ sọ òun di aláìní.

Oṣù mélòó kan kọjá kí ó tó tún rí i, inú ọ́fíìsì rẹ̀ gan-an ló sì ti rí i. Ó wọlé pẹ̀lú bàtà àǹtí rẹ̀, ó gbé ìgò méjì kalẹ̀ lórí tábìlì láìwo ojú ẹni tó jókòó níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Rosinda Kirindongo lorúkọ mi, láti Otrobanda lódìkejì afárá. Èmi àti ìyá mi la ń fi èèpo ọsàn laraha ṣe ọtí yìí fún àwọn atukọ̀. Ìgò àkọ́kọ́ yìí, tiwa ni. Èkejì, atukọ̀ kan ló bá mi rà á bọ̀ láti Amsterdam. Oníṣòwò kan níbẹ̀ ti jí àwòrán wa lẹ̀ mọ́ omi ṣúgà tirẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń..."

Ó gbójú sókè. Ojú Egidio kò sí lára rẹ̀, ara ìgò ló wà. Àwòrán ọkùnrin kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: kọ́là funfun, irunmú gígún, ṣòkòtò kíká, bàtà lábẹ́ abíyá, ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá níta gbangba.

"Yéè!" ni Egidio kígbe. "Èmi rèé!"

"Ẹ̀yin rèé," ni Rosinda fèsì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ jọ ara yín gan-an."

Egidio gbé ìgò náà sẹ́yìn ìwé kí ọ̀gá inú yàrá kejì má bàa rí i. Ó wá fi ohùn iṣẹ́ ṣàlàyé. Wọn yóò gba àmì náà sílẹ̀ níbí, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọba, ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí Hóláǹdì, láti ibẹ̀ yóò dé Bern, ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tí wọ́n ti ń kéde àmì ọjà fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn náà. Ẹni tó bá ṣáájú débẹ̀ ló ni í. Bí ará Amsterdam yẹn bá ṣáájú, Rosinda kò gbọdọ̀ fi àwòrán tó jẹ́ tirẹ̀ tajà mọ́ ní èbúté kankan.

"Ẹ kọ orúkọ mi nígbà náà. Ọkọ̀ ìwé ń lọ ní Sátidé."

"Ó ku ohun kan. Òfin ní bí ojú alààyè bá wà lára àmì, ẹni tó ni ojú gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ jókòó yìí. Ẹ fọwọ́ sí i."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di ẹtù jọ̀bọ̀. Gómìnà ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ń bọ́ bàtà lẹ́nu afárá ń dójú ti ìjọba. Olórí ọ́fíìsì, Meneer van Houweling, sì ti ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé ní Hóláǹdì, Egidio ni gbogbo èèyàn ń wò pé yóò gba ipò rẹ̀. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ni ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ lásán yìí?

"Rosinda, ṣé o ò lè ya kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dípò mi?"

"Àwọn atukọ̀ ò béèrè kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. 'Fún mi ní ọkùnrin tó gbé bàtà dání' ni wọ́n ń wí, ní gbogbo èdè tí Ọlọ́run dá." Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ọtí yìí ni a fi ń jẹun, ọ̀gá. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín wọ́n tó báyìí." Ó kó ìgò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Egidio ò lè jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ọ́fíìsì pa dé, ó sáré sọdá afárá. Kò rántí bọ́ bàtà, agbowó afárá sì gba owó náà tìyanu-tìyanu. Ó béèrè ilé wọn títí ó fi débẹ̀. Màmá Tila, ìyá Rosinda, wo irunmú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Rosinda! Ọkùnrin inú ìgò ti jáde o! Wọlé, ọmọ mi. Ṣé o ń jẹ funchi?"

Ó bá wọn jẹ funchi, òkèlè àgbàdo, pẹ̀lú ẹja. Orí ògiri ló ti rí àwòrán náà bí Rosinda ṣe kọ́kọ́ fi èédú yà á, ó tóbi ju ti ara ìgò lọ. Lára ìgò, ẹsẹ̀ ló ń gba ojú èèyàn. Lára ògiri, ojú ọkùnrin náà hàn kedere. Kò wò síwájú. Ó yí ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó rí oyin.

"Ta ni mò ń wò báyẹn?" ni Egidio béèrè.

Rosinda ń ṣa egungun ẹja lórí àwo tí kò sí egungun mọ́ níbẹ̀. "Ọkọ̀ òkun ń kọjá lọ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo èèyàn ló ń wo ọkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò wò ó."

"Kí ló dé tó ò fi padà wá? Mo sanwó o!"

"Mo rí ẹ. Àárẹ̀ ṣe Màmá, èmi ni mò ń fi ọkọ̀ kékeré gbé ọtí lọ bá àwọn atukọ̀. Abẹ́ afárá ni mò ń gbà kọjá. Mo rí ẹ tó ò ń sanwó lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń sin òkú. Mo pè ọ́ títí, o ò gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àánú rẹ ṣe mí. Mo ní bí ahun bá lè ṣe báyìí nítorí mi, ó yẹ kí n ya àwòrán rẹ̀."

Ọkàn Egidio yọ́. "Màá fọwọ́ sí i," ó ní.

"Èló lo máa gbà? Mo mọ̀ ẹ́."

"Mi ò gba owó. Kí ẹni tó yà mí ṣáà máa wò mí lójoojúmọ́, kó lè máa tún un yà bí mo bá ṣe ń darúgbó."

Màmá Tila yára gbé ìkòkò wọ ẹ̀yìnkùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò náà ti mọ́. Rosinda ti àwo ẹja sí ẹ̀gbẹ́. "Kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ná," ó wá sọ. "Mi ò lè fẹ́ ẹni tó ń sápamọ́."

Nílé, ìyá Egidio, Màmá Paulina, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó káwọ́ lérí. "Ẹsẹ̀ ọmọ mi! Ẹsẹ̀ tí mo fi òógùn ojú mi ra bàtà fún! Kó máa ká ayé kiri lára ìgò ọtí! Ọmọ tó fi ọ́ ṣẹ̀sín lo fẹ́ fẹ́?"

"Màmá, kò fi mí ṣẹ̀sín. Bí mo ṣe rí ló yà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi láti máa bọ́ bàtà."

Màmá Paulina fi ẹsẹ̀ ti bàtà tirẹ̀ sábẹ́ àga. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ní Furaidé, Egidio kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sábẹ́ àwòrán náà, ó gbé e wọlé tọ Meneer van Houweling lọ pẹ̀lú ìgò ọtí kan. Ọ̀gá náà wo ìwé, ó wo Egidio, ó tún wo ìwé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Winklaar, ṣé o mọ ohun tí èyí máa ná ọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Meneer."

"Mi ò lè fi ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe olórí ọ́fíìsì yìí. Gómìnà ò ní gbà."

"Mo mọ̀, Meneer. Ṣùgbọ́n ìwé náà pé, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀."

Ọ̀gá náà gbé òòtẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. "Ó pé," ó ní. "Ìgò yìí ńkọ́? Ṣé ẹ̀rí ni, àbí o lè fi í sílẹ̀ fún mi?"

Wọ́n fi ẹlòmíràn sípò náà. Ó dun Egidio, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Nígbà tó sọ fún Rosinda, ó rò pé yóò ní kò burú, ọ̀la ń bọ̀. Rosinda gbé agbọ̀n ìgò rẹ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú níwájú gbogbo èbúté, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, àwọn atukọ̀ sì hó yèè.

Ìwé dé láti Bern kí ọdún tó yí po. Àmì náà ti wọlé, ará Amsterdam yẹn sì ń ha àwòrán Egidio kúrò lára ìgò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti Màmá Paulina, ọ̀gá ọkọ̀ kan bọ́ fìlà fún un lọ́jà, ó ní, "Ẹ kú ọmọ, ìyá ọkùnrin tó gbé bàtà dání." Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí ìgbéyàwó máa jẹ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Otrobanda, wọ́n ń sọdá lọ jẹ àkàrà òyìnbó dúdú nílé Màmá Paulina. Agbowó afárá rí ọkọ ìyàwó lókèèrè, ó pariwo: "Ọkùnrin inú ìgò! Bọ́ bàtà ẹ, lónìí mi ò ní wò ẹ́!"

Egidio kò bọ́ ọ. Ó sanwó fún ara rẹ̀, ó sanwó fún ìyá méjèèjì, ó sanwó fún gbogbo àwọn tó tẹ̀lé wọn, tó fi mọ́ àwọn tó yá bàtà. Ó wá yíjú láti sanwó ìyàwó rẹ̀. Rosinda ti gbé bàtà funfun méjèèjì sí abíyá, ó ká aṣọ ìyàwó sókè, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta.

"Ilé ahun ni mo wọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n tètè kọ́ ìṣe wọn."

Wọn ò tíì dé àárín afárá tí aago fi dún. Àwọn èèyàn sáré, wọ́n pariwo, wọ́n bọ́ sí èbúté méjèèjì, afárá sì gbé tọkọtaya náà lọ sórí omi. Ọkọ̀ òkun ńlá kan ń kọjá, àwọn atukọ̀ tó wà nínú rẹ̀ rí wọn, wọ́n dá wọn mọ̀, wọ́n gbé ìgò sókè, wọ́n ń kí wọn.

Egidio kò wo ọkọ̀ náà.