Ìborùn Mi Nínú Mọ́tò Àbíjàn

Ìjókòó náà gbóná. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kíyè sí nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi dé láti ọsibítù. Mo fọwọ́ kàn án kí n tó jókòó, ó sì gbóná bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn wà ní títì látìgbà tí a ti lọ, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ọkọ mi.

Inú mọ́tò là ń gbé. Kì í ṣe pé à ń rìnrìn àjò o. Ìjì ló gbé òrùlé ilé wa lọ, òjò sì wó ògiri tó kù. Ọkọ mi, Tàjùdíìnì, tó ti ń kó èrò láti Èjìgbò lọ sí Àbíjàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fiṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀, wọ́ àlòkù bọ́ọ̀sì ńlá funfun kan wá sórí ilẹ̀ wa lójú ọ̀nà ìlú Ara. Ó ní ká forí pamọ́ síbẹ̀ ná. Ibẹ̀ ló wá di ilé. Ó yọ èyí tó pọ̀ nínú ìjókòó rẹ̀, ó kan pákó tí èmi àti òun ń sùn lé, ó ta aṣọ sáàárín fún Qàwíyyàt ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó ṣẹ́ ìjókòó díẹ̀ kù lẹ́yìn fún àlejò, ó sì fi ìdí ọkọ̀, níbi tí awakọ̀ ń jókòó, sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ́ńjìnnì kò sí nínú ẹ̀.

Kókó ni wọ́n yọ nílé ọmọ mi. Wọ́n là mí níkùn, wọ́n sì rán an. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbé garawa, n kò sì gbọdọ̀ máa gun àtẹ̀gùn. Nítorí náà, bí mo ṣe wọ inú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, inú rẹ̀ ni mo wà. Mo tẹ́ ìborùn mi sórí ìjókòó gbígbóná yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìborùn funfun tí mo fi ń kírun, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa jókòó kírun títí n óò fi lè foríkanlẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò Àbíjàn rí mọ ohun tí mo ṣe yẹn. Bí èèyàn bá fi ìborùn tàbí fìlà lé orí ìjókòó, ààyè rẹ̀ nìyẹn. Ó lè lọ jẹun, ó lè lọ wẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì dúró dè é. Èmi kò ronú kan ìyẹn rárá.

Sọ̀fíyátù ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ wá kí mi.

"Ẹ̀yin èrò Àbíjàn!" ó ti ń pariwo láti ìta. "Ṣé ẹ ti dé Kútọ̀nú?"

"A ò tíì kúrò ní gáréèjì," mo dá a lóhùn. Ẹ̀rín náà dùn mí dé ojú egbò.

Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀, ó fìdí lé ìjókòó ẹ̀yìn kan, ó sì fò dìde. "Háà! Ta ló da omi síbí? Gbogbo ìdí ìró mi ti rin!"

Ọ̀ẹ̀rùn ni. Kànga gan-an ti ń gbẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kí àsìkò ìrun alásàrì tó tó, ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara mọ́tò, pá, pá, bí kọ́ndọ́ tó ń pe èrò ṣe máa ń lù ú. Ohùn obìnrin kan béèrè pé, "Ṣé ààyè wà?"

Mo rò pé Sọ̀fíyátù ló tún ń dápàárá. Mo ní, "Ààyè wà, ẹ máa wọlé bọ̀."

Ìyá àgbàlagbà kan ni. Ó há ẹrù kékeré mọ́ abíyá, ó ń gun àtẹ̀gùn, ó sì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dùsúmà, dùsúmà," bí àwọn tó ti pẹ́ ní Àbíjàn ṣe máa ń sọ fún ara wọn pé kí wọ́n rọra. Mo sálámà sí i. Etí ìró rẹ̀ ń kán omi. Ó jókòó, ó kọjú síwájú, ó gbé ẹrù lé itan. Mo ní kí n bu omi fún un.

"Èyí tí mo ti mu ti tó, ọmọ mi," ó wí.

Oògùn tí mò ń lò gbé mi sùn lọ. Nígbà tí mo lajú, Qàwíyyàt ni mo rí, ó ń fi àkísà nulẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ ń fomi ṣe? Ṣebí wọ́n ní ẹ má gbé garawa."

"Èmi kọ́. Àlejò kan ló wá."

Ó wò mí. "Àlejò wo? Ẹnu ọ̀nà yìí ni mo wà látàárọ̀ tí mò ń ranṣọ."

Ìyá àgbà náà tún padà wá. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá: ọkùnrin kan tó gbé ọmọ lé èjìká, ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tí láàlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á lu ara mọ́tò, wọ́n á béèrè ààyè, n óò sì ti dáhùn kí n tó mọ̀ pé mo lanu. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn á kọjú sí ìdí ọkọ̀ tó ṣófo, wọ́n á máa wò ó. Òórùn ẹrẹ̀ odò gba inú mọ́tò kan. Mo ń ka Kúlúhúwà títí ètè mi fi gbẹ. Wọ́n ń fetí sí i bí èrò ṣe ń fetí sí àdúà kí mọ́tò tó gbéra.

Egbò mi kò jiná. Ojú ibi tí wọ́n rán ń yọ omi. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò mí ní kì í ṣe ọyún. Ó súnmọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yára gbé ojú kúrò.

"Bí omi odò ló ń rùn," ó ń sọ fún Qàwíyyàt lábẹ́lẹ̀. "Tí kò bá gbẹ láìpẹ́, ẹ máa gbé wọn padà wá. Mi ò sì mọ̀ bóyá..." Kò parí ẹ̀. Mo gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bi ìyá àgbà léèrè. "Màmá, ta lẹ ń dúró dè?"

"Ẹnì kan ló kù."

"Ṣé èmi ni?"

Ó wo ìborùn mi lórí ìjókòó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ ti gba ààyè tìrẹ." Ó wá nàka sí ara mọ́tò. "Búlúù ni mọ́tò wa nígbà tó gbé wa. Ta ló kùn ún ní funfun?"

Gbogbo Èjìgbò ló mọ̀ pé mọ́tò búlúù tí ọkọ mi ń wà já sódò lójú ọ̀nà Àbíjàn. Bíréèkì ló kọ̀. Àwọn èrò inú rẹ̀ kì í ṣe ará ìlú wa, ojú ọ̀nà ló ti kó wọn, kò sì sẹ́ni tó yè nínú wọn. Ọkọ mi ní ọwọ́ Ọlọ́hun ló ju òun síta. Ó ní mọ́tò náà ṣì wà nísàlẹ̀ odò.

Mo fi ṣíbí ha ọ̀dà funfun náà. Búlúù ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi ti mọ́sálásí dé, mo ní, "Bàbá Qàwíyyàt, mọ́tò wo lèyí?"

Ó wo ibi tí mo ha. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹni tó ni ín ló ní kí wọ́n fà á jáde. Ó ní kí n máa wọ́ ọ lọ, òun ò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Ilé ti wó mọ́ wa lórí, Ràfíátù. Kí ni ǹ bá ṣe?"

"Ẹ ní Ọlọ́hun ló jù yín síta."

Ó na ọwọ́ bo ibi tí mo ha. "Mo ṣílẹ̀kùn, mo fò. Wọ́n ń pè mí, 'Dírẹ́bà, dírẹ́bà.' Mò ń gbọ́ wọn títí mọ́tò fi wọ omi."

Mi ò ráyè bínú. Ikú tèmi ni mò ń wò. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àwọn èrò yín ń wá jókòó tì mí, èmi ni wọ́n fẹ́ mú. Ẹ dákun, nítorí Ọlọ́hun, ẹ gbé mọ́tò yìí kúrò níbí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ pe Làmídì tó ní ọkọ̀ akẹ́rù pé kó wá wọ́ ọ lọ. Qàwíyyàt àti Sọ̀fíyátù gbé mi jáde sórí ẹní lábẹ́ igi kajú, wọ́n sì ń sáré kó ẹrù wa.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ sídìí ọkọ̀ kẹ́ ẹ bá mi máa darí ẹ̀," Làmídì wí. "Ẹ má wà á dé Àbíjàn mọ́ mi lọ́wọ́ o!"

Ọkọ mi dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò wọlé. Ó wẹ̀yìn wò mí. Mo juwọ́ sí i pé kó wọlé. Ó wọlé.

Làmídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì so ó. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Pá, pá. Bí kọ́ndọ́ ṣe máa ń lù ú nígbà tí mọ́tò bá kún, pé kí dírẹ́bà máa lọ.

Orí èèyàn yọ lójú gbogbo fèrèsé, títí kan ibi tí ìjókòó kò sí mọ́. Mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì gbéra. Ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa. Mo rí ọwọ́ ọkọ mi lára ilẹ̀kùn, ó ń tì í, ó ń gbá a. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣí. Ìgbà yẹn ló yé mi, ẹni tó kù.

Omi tó wà nínú odò kékeré yẹn kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi jáde, omi ń tú lẹ́nu àti nímú rẹ̀, kò sì dá títí a fi gbé e wọ sàréè. Fìlà orí rẹ̀ pàápàá rin gbingbin.

Látọjọ́ náà ni egbò mi ti gbẹ. Ilé Sọ̀fíyátù láàárín ìlú ni mo ti ń ṣe opó. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kírun tí mo wá ìborùn mi tì. Qàwíyyàt ní àwọn ò rí i kó. Nígbà tí Làmídì wá kí wa, mo bi í.

Ó ń wolẹ̀. "Mo rí i, Ìyá. Gbogbo inú mọ́tò ló rin. Ìborùn yín nìkan ló gbẹ, ó tẹ́ sórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Kí ló dé tó ò bá mi mú un?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọmọ gáréèjì ni mí. Mi ò lè fọwọ́ kan ààyè oníààyè."

Wọ́n ti fa mọ́tò náà títí, kò mì. Inú odò ló wà. Ògiri bíríkì sì ni ti ilé Sọ̀fíyátù yìí, ṣùgbọ́n tó bá ti ń di alásàrì, mo máa ń gbọ́ ọ lára rẹ̀, pá, pá, bí ẹni ń lu páànù. Mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kí n má baà dáhùn. Ohùn ìyá àgbà kọ́ ló ń bọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ohùn ọkọ mi ni. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́, bí dírẹ́bà tí àwọn èrò ti ń dà láàmú lẹ́yìn:

"Ràfíátù, ààyè rẹ ṣì wà o. Ìwọ la ń dúró dè."