Òfin Ajá ní Òpópónà Ìfẹ́lódùn

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Mojísọ́lá Akínbọ́lá dé Òpópónà Ìfẹ́lódùn ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, wọ́n sì ti ń da ẹrù Ìdíátù ẹlẹ́kọ síta. Bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, garawa ẹ̀kọ, gbogbo rẹ̀ wà lórí iyanrìn. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn tó ń kó o jáde, àwọn tó máa ń fi ẹsẹ Bíbélì kí ara wọn láràárọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní ká dúró ná.

Ọkùnrin kan tó wọ jalabíà funfun dúró láàárín wọn, ó ń ka ìwé sókè. "Òfin kẹrin! Ajá kankan kò gbọdọ̀ jáde láìsí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn àti ìdínu lẹ́nu!"

Ọ̀gbẹ́ni Abraham nìyẹn, alága ẹgbẹ́ onílé. Òun ló kọ òfin méjìlá lórí ajá, ewúrẹ́, adìyẹ àti ológbò, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Ó ti gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ opó, ó ti lé ẹni tó ń sin ológbò jáde nílé, inú rẹ̀ a sì máa dùn tó bá ti rí ẹni tó rú òfin.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ lójú wọn. Charity, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nítòsí ibùdókọ̀ Command, máa ń jáde kí aago mẹ́fà tó lù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní aago mẹ́fà ààbọ̀, aládùúgbò kan tó ń jẹ́ Hope ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó bá a nílẹ̀ níwájú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Ajá ti fà á ya nítan àti lápá. Ó ṣì ń mí. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó kú kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì fún un. Dúdú, ajá Ìdíátù, wà nílẹ̀ níbẹ̀, òun náà ti kú, àjákù ìborùn Charity sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀rí wà lẹ́nu ajá," Abraham sọ fún ọlọ́pàá. "Ẹ mú ìyá ẹlẹ́kọ yìí máa lọ jàre. Kò sí ìwádìí kankan níbẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé tó ń gbé?"

"Rárá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti pinnu."

"Ẹ kó ẹrù màmá padà sínú ilé."

Wọ́n sáré kó o padà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sáré kó o jáde. Ohùn tó bá le jù ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní Ìfẹ́lódùn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ ti òkú ajá náà. Ifóófòó ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹran màlúù tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ohun dúdú kan bí iyẹ̀pẹ̀ sì wà lára ẹran náà. Ó la ẹnu ajá, ó ka eyín rẹ̀. Márùn-ún ni, méjì ń mì. Ó yọ àjákù ìborùn náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Etí rẹ̀ gún régé.

Ó bá Ìdíátù lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Obìnrin náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ń nu iyanrìn kúrò lára garawa rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Kí lẹ máa ń fún Dúdú jẹ?"

"Ẹ̀kọ tútù ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Dúdú, ìyá mi. Eyín wo ló fẹ́ fi jẹ ẹran? Èmi gan-an, ìgbà wo ni mo ti rí ẹran màlúù rà?"

"Ẹ mọ Charity?"

"Ó máa ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ mi. Ó máa ń bu búrẹ́dì fún Dúdú, á ní, 'Bàbá arúgbó, jẹun.'" Ó fi etí ìró nu ojú. "Wọ́n ní èmi ni mo pa á."

Nínú pálọ̀ Abraham, àga aláwọ funfun ló wà káàkiri, kò sì ní kí ọlọ́pàá jókòó. Ìnsípẹ́kítọ̀ jókòó.

"Alága, mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ní ajá."

"Mo ní in tẹ́lẹ̀. Jẹ́nẹ́rà. Ajá òyìnbó ni, kì í ṣe irú pàǹtí tí wọ́n ń sìn níta yẹn. Mo ti tà á lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ta ló rà á?"

"Ọkùnrin kan ní Gowon Estate. Mi ò rántí orúkọ ẹ̀."

"Òfin kẹsàn-án yín ní kí ẹgbẹ́ máa fún ajá tí kò lólówó ní májèlé jẹ. Níbo ni májèlé náà wà?"

"Nínú àpótí mi. Ọwọ́ mi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣé kí n fi lé àwọn èèyàn yìí lọ́wọ́ ni? Àwọn tí ò lè pa ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ wọn dé!"

"Níbo lẹ wà láago mẹ́fà òwúrọ̀ yìí?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ariwo wọn ló jí mi."

"Òfin kẹfà ní kí ẹ̀ṣọ́ géètì kọ orúkọ ẹni tó bá gbé ẹranko jáde."

Abraham rẹ́rìn-ín. "Yésúfù? Kò mọ̀wé o, madam. Ó kàn ń fi báírò ha ìwé bí adìyẹ ni. Kí àlejò lè rí i ni mo ṣe fún un ní ìwé."

Yésúfù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá géètì, arúgbó tín-ínrín láti ìtòsí Ìlọrin. Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè ìwé náà, ó kọ́kọ́ wo ọ̀nà ilé Abraham kó tó fà á yọ lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan kún fún ìkọ̀wé tó mọ́ tónítóní, láti ọ̀tún sí òsì.

"Kéwú ni mo fi kọ ọ́," ó wí. "Yorùbá ni, lẹ́tà Lárúbáwá ni mo fi kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé kéwú nìyẹn."

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ ohun tẹ́ ẹ rí?"

"Ta ló bi mí? Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà níbí. 'Mégààdì, ṣí géètì.' Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń bá mi sọ."

"Èmi ń bi yín báyìí. Ẹ ka ti òní fún mi."

Ó kà á. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kó tún un kà, kó sì ka ti àwọn ọjọ́ tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló bi í ibi tí mọ̀lẹ́bí Alága ń gbé ní Gowon Estate, ó rán ọlọ́pàá méjì lọ síbẹ̀, ó sì pe dókítà tó yẹ òkú Charity wò lórí fóònù.

Láago mẹ́rin ọ̀sán, gbogbo àdúgbò pé sí àgbàlá Abraham lórí àga rọ́bà. Òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n, ó rò pé wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí lílé Ìdíátù ni. Ìnsípẹ́kítọ̀ pe Yésúfù síwájú, ó ní kó kàwé.

Arúgbó náà gbé ohùn sókè. "Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún: Alága gbé mọ́tò jáde. Ajá ńlá wà lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ajá. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Alága padà. Kò sí ajá."

"Irọ́!" Abraham fò dìde. "Ṣé ọ̀rọ̀ mégààdì lẹ máa gbà gbọ́, kẹ́ ẹ fi tèmi sílẹ̀?"

"Ẹ jókòó, Alága. Ajá tí eyín rẹ̀ ku márùn-ún kò lè fa itan èèyàn ya. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi gé ìborùn yẹn, ẹnu ajá kọ́ ló já a. Májèlé tó pa Dúdú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ọwọ́ yín nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Àwọn ọlọ́pàá mi ti rí Jẹ́nẹ́rà lẹ́yìnkùlé àbúrò yín ní Gowon Estate, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àbúrò yín ní òwúrọ̀ yìí lẹ gbé e wá. Ojoojúmọ́ lẹ ń tú u sílẹ̀ lójú pópó kílẹ̀ tó mọ́, kò sẹ́wọ̀n, kò sí ìdínu. Ó wà nínú ìwé bàbá, ó kún ojú ewé méjìdínlógún."

Ìnsípẹ́kítọ̀ súnmọ́ Abraham.

"Bó bá jẹ́ pé ajá ló bọ́ lọ́wọ́ yín nìkan ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló pa Charity. Ká ní ó tètè dé ọ̀dọ̀ wọn ní ààbọ̀ wákàtí sí i, kò ní kú. Ẹ ráyè wọlé mú àlùmọ́gàjí. Ẹ ráyè ṣí àpótí májèlé, ẹ ráyè gé ẹran. Ọmọ yẹn wà nílẹ̀, ó ń wò yín. Èèyàn márùn-ún ni mọ́tò yín ń gbà. Ajá lẹ gbé."

Abraham wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ìtìjú kọ́ ló wà lójú rẹ̀, ìbínú ni. "Ẹ ò lóye," ó wí. "Èmi ni mo kọ òfin. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ajá alága ló ṣe é, ta ló máa tún tẹ̀ lé òfin ládùúgbò yìí? Ìyá ẹlẹ́kọ, kí ló fẹ́ pàdánù?"

Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́wọ́. Nígbà náà làwọn èèyàn náà wá rí ohùn wọn. Wọ́n ń pè é ní apààyàn, ẹni ọ̀run àpáàdì. Hope àti àwọn mìíràn yí Ìdíátù ká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀. Ó wo wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo mọ ẹni tó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi mú," ó wí, ó sì wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Nínú mọ́tò ọlọ́pàá, nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé tẹ́ṣàn Ìdímù, Abraham na ọrùn síwájú.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ta ló máa fún Jẹ́nẹ́rà lóúnjẹ lálẹ́ yìí? Kì í jẹ ìrẹsì o."

Mojísọ́lá wò ó nínú dígí. Ó dúró bóyá yóò bi òun pé ibo làwọn òbí Charity wà, tàbí ìgbà wo ni wọ́n máa sin ín.

Kò bi í.