Ògiri Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Kú

Ọdún tí ooru ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í pa ewúrẹ́ lórí ìdúró ni Ọ̀mọ̀wé Fadérera ṣe aṣọ-ilé. Kì í ṣe aṣọ tí à ń wọ̀. Olú ni, olú funfun kan tí obìnrin náà fi ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀dá rẹ̀. Wọ́n á dà á sáàárín egungun ògiri bí ẹni da ẹ̀kọ gbígbóná, á sì wú títí á fi kún gbogbo àlàfo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kan pátákó ẹfun bò ó, wọ́n á dán ojú rẹ̀, wọ́n á kùn ún. Oòrùn tó lè din ẹyin lórí páànù kò ní rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ gbéṣe.

Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ohun abẹ̀mí ni olú náà, ó sì gbọ́dọ̀ kú kí wọ́n tó bò ó. Bó bá ṣì wà láàyè, afẹ́fẹ́ tí èmi àti ìwọ ń mí símú lòun náà ń mí símú, afẹ́fẹ́ búburú tó wúwo ló sì ń mí jáde, èyí tó máa ń rọra wálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi ń gbẹ ní gbangba, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, kó tó kú. Ọ̀mọ̀wé kọ ọ́ gàdàgbà sára gbogbo àpò olú náà. Àwọn èèyàn wa sì kà á. A mọ̀wé kà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ká ṣe ohun tí a kà ló kù.

Ní ìlú Ìdí-Apá, obìnrin kan wà tó kà á tó sì mú un lò. Wúràọlá lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ọkọ rẹ̀ ń wa kùsà lórí òṣùpá, ọdún kan ló kù kó dé. Oṣù Iná sì ń bọ̀, oṣù tí gbogbo ìlú máa ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa gbọningbọnin láti aago mọ́kànlá àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wúràọlá kò fẹ́ kí ọmọ òun wá bá ilé tó wà níhòòhò. Ó pe agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta nínú ìlú, ìbéèrè kan náà ló sì bi wọ́n: “Tí ẹ bá da olú yìí tán, ìgbà wo lẹ máa bò ó?”

“Lọ́jọ́ kejì, Mà,” ni ẹni àkọ́kọ́ wí. “Ọwọ́ wa yá dáadáa.”

“Ìgbà tí Màdáámú bá fẹ́ ni,” ni ẹnì kejì wí.

Ẹnì kẹta ni Làmídì, ọkùnrin gíga kan tí ẹfun ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Ó fìka kan ògiri, ó tẹ́tí sí i. “Ìgbà tó bá kú ni, Mà. Èmi kì í bo ohun tó ń mí.”

Ojú ẹsẹ̀ ni Wúràọlá gbéṣẹ́ fún un. Títí dòní, mi ò tíì rí agbaṣẹ́ṣe tó mọṣẹ́ jù ú lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Làmídì da olú sí ògiri gbogbo ilé náà. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ dé láìrò tẹ́lẹ̀, ọmọkùnrin, nílé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Oyèékànmí, bàbá ọkọ Wúràọlá, ẹni ọgọ́rin ọdún tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ku ọjọ́ kan kó pé nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Fadérera fúnra rẹ̀ wá wo bí olú ṣe ń ṣe sí. Ó gbé ẹ̀rọ agbọ́-èémí lé ògiri pálọ̀. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ fúù, fúù, fúù.

“Ẹ gbọ́ ọ bí, Bàbá? Ó ṣì ń mí. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Ọ̀la la ó sọ ọmọ lórúkọ,” ni Bàbá wí. “Ṣé inú ilé tí ìfun rẹ̀ tú síta báyìí làwọn ará ìlú ó ti wá bá mi?”

“Ẹ ṣe é nílé àwọn òbí ìyá ọmọ, sà.”

“Àkọ́bí ọmọ mi! Nílé àna! Ẹ̀yin lẹ ṣe olú, Ọ̀mọ̀wé, ẹ ò ṣe àṣà wa. Ọjọ́ kẹjọ ni ọjọ́ kẹjọ, ilé bàbá ọmọ nilé bàbá ọmọ.”

“Tí ẹ bá bo ògiri yìí, sà, ó lè pààyàn.”

“Ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ikú nílé ọlọ́mọ! Ẹ máa lọ!”

Ọ̀mọ̀wé wo Làmídì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Làmídì mi orí fún un pé kó fọkàn balẹ̀, òun ò ní bò ó. Obìnrin náà padà sí ìlú ńlá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lóòótọ́.

“Ó yá, gbé pátákó,” ni Bàbá wí.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mi ò lè ṣe é.”

Bàbá Oyèékànmí kò pariwo. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ewú sì yọ. Ó fọwọ́ di àga mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún. “Ó dáa, Làmídì. Jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún ẹ.”

Kí orúnkún àgbà náà tó kanlẹ̀, Làmídì ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. “Ẹ má ṣe é, Bàbá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Màá bò ó!”

Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà ì bá bò ó. Wọ́n ti tọ́ wa pé bí àgbà bá ṣí fìlà bẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ohun tó yẹ ká ṣe bí àgbà náà bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun burúkú.

“Pálọ̀ àti yàrá ọmọ nìkan ni kó o bò,” ni Bàbá wí, ó ń dé fìlà rẹ̀ padà. “Fi yàrá tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò kankan ò ní wọ ibẹ̀.”

Wúràọlá gbọ́mọ dé nírọ̀lẹ́, ó bá ògiri tó ń dán. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Ọjọ́ ò tíì pé o. Ṣé ó ti kú ni?”

“Ọ̀mọ̀wé fúnra rẹ̀ ló wá gbé ẹ̀rọ lé e lónìí,” ni Bàbá dáhùn. “Gbogbo rẹ̀ ti parí, ìyàwó wa.”

Wúràọlá wojú Làmídì, ọkùnrin tí kì í bo ohun tó ń mí. Làmídì bẹ̀rẹ̀, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí. Kò lè já àgbà nírọ́ lójú ẹbí. Ó kàn ní, “Ẹ máa ṣí fèrèsé, Mà.” Ìyẹn tó fún Wúràọlá. Ó gbà pé bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀, Làmídì á sọ.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lárinrin. Àwòrán ojú bàbá ọmọ rọ̀ sáàárín pálọ̀ láti orí òṣùpá, ó ń sunkún ayọ̀. Bàbá Oyèékànmí sọ ọmọ ní Ilésanmí. Àwọn àlejò ń fọwọ́ pa ògiri, wọ́n ń béèrè ta ni agbaṣẹ́ṣe.

Fèrèsé wà ní ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, láburú kan ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Oṣù Iná wọlé. Lọ́sàn-án àkọ́kọ́, Wúràọlá ti gbogbo ilé pa bí gbogbo ìlú ṣe tì í. Ó tẹ́ ẹní ọmọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri yàrá ọmọ, torí ibẹ̀ ló tutù jù, òun alára sì gun orí bẹ́ẹ̀dì. Orí ló ń fọ́ ọ tó fi jí. Ó pe Ilésanmí. Ó na ọwọ́ sí i, ó gbé e, ó tún pè é. Ọmọ ọjọ́ méjìlélógún ò dáhùn, kò sì sunkún mọ́ láé.

Ọ̀mọ̀wé dé lọ́jọ́ kejì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé ẹ̀rọ lé ògiri pálọ̀: fúù, fúù. Ó gbé e lé ti yàrá ọmọ: fúù, fúù. Ó wọ yàrá Bàbá, níbi tí olú wà ní gbangba láìsí pátákó, ó gbé e lé e. Ẹ̀rọ náà dákẹ́.

“Ó ti kú níbí,” ni Ọ̀mọ̀wé wí. “Yàrá yín nìkan ló dára nínú ilé yìí, sà.”

Bàbá Oyèékànmí jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. Fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó kù tó lè ṣí i bẹ̀.

Làmídì dọ̀bálẹ̀ níta nínú oòrùn, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wúràọlá jáde, ó dúró níwájú rẹ̀.

“Mẹ́ta ni yín,” ló wí. “Ẹ̀yin ni mo yàn.”

Ó mú òòlù nínú àpótí náà, ó padà wọ yàrá ọmọ, ó sì fọ́ pátákó ẹfun lókè ibi tí ẹní kékeré náà wà. Olú funfun náà yọ, ó tutù lára, ó ń ròkè, ó ń wálẹ̀, bí ikùn ọmọ tó sùn lẹ́yìn tó mọmú yó. Wúràọlá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì fi í síbẹ̀.

Ó ń mí dáadáa.