Ohun Tí A Parẹ́ Lẹ́yìn Owó

Ẹ̀rọ tí kò dákẹ́ rí fún ogójì ọdún dákẹ́ ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Olùtọ́jú-Èémí ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń pín afẹ́fẹ́ tí gbogbo ọmọ Orílẹ̀-èdè Òkè-Òṣùpá ń mí, òun náà ló sì ń ṣí ìlẹ̀kùn irin láti àdúgbò kan sí èkejì. Ìjì oòrùn ló kọlù ú, ìjì tí a kì í fojú rí, tó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ló ti ń jà. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìlẹ̀kùn tì pa gbàgà.

Díákónì Jíbọ́lá, afín-owó àgbà ìlú náà, ẹni tó ń fín àmì sára owó irin, ju irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Àdúgbò Karùn-ún. Fẹyíkẹ́mi! Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo àti àwọn ọ̀dọ́ akọrin mẹ́ta wà ní gbọ̀ngàn àdúgbò náà, wọ́n ń kọ́ orin ọjọ́ ìsinmi. Bí ẹ̀rọ bá kú, afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngàn kékeré náà kì í pẹ́ tán, inú nìkan sì ni a ti lè fọwọ́ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ bí a ti ń ṣí i ni.

Jíbọ́lá sáré. Bó ti ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ọdún méjìdínlógún ń sáré tẹ̀lé e.

Àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti mọ̀ pé ìjì oòrùn a máa nu owó inú ẹ̀rọ nù, ìdí nìyí tí wọ́n fi yan owó irin. Iye owó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn, ìlà gígùn kan, àmì róbótó méjì, ìlà kúkúrú kan. Bí ọmọ bá pé ọdún méje, wọ́n á mú un lọ sídìí ìlẹ̀kùn, wọ́n á fi owó ẹyọ sí i lọ́wọ́ òsì. Ọmọ á dijú, á máa fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn owó, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa ṣe ohun tí àtàǹpàkò bá rí: yí irin ìlẹ̀kùn sọ́tùn-ún títí yóò fi dúró, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, dá a padà díẹ̀ sósì. Ìfọwọ́mọ̀lẹ̀kùn ni wọ́n ń pe àṣà yìí. Tálákà tó ní ẹyọ kan lápò, ó ní ìyè lápò.

Ìgbà tí Bánkálé wọlé ìbò ni nǹkan yí padà.

"Irú ìlà wo nìyí?" Olórí Bánkálé béèrè nínú ìgbìmọ̀. "Ó dà bí ibi tí adìyẹ ti ha ilẹ̀. Ṣé ojú mi ò wá sàn jù yìí lọ ni?"

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹfúnyẹlá, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn tó tẹ ìlú dó, fi ọ̀pá rẹ̀ dìde.

"Bánkálé, èmi ni mo pọ̀n ẹ́ dàgbà. Ojú ẹ dáa. Ṣé yóò ṣílẹ̀kùn?"

Ọmọ́tósìn, onímọ̀ tó kọ́ ẹ̀rọ náà, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Olùtọ́jú-Èémí kì í tòògbé, kì í sì í sùn."

"Háà! Ọmọ́tósìn! Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí kì í sùn, kì í sì í ṣe ìwọ lo dá a."

Bánkálé kọjú sí Jíbọ́lá. "Díákónì, ẹ̀yin lẹ ń fín in. Ṣé ìlà yìí wúlò?"

Jíbọ́lá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Bánkálé ti ṣèlérí fún un pé orúkọ Jíbọ́lá fúnra rẹ̀ yóò wà lábẹ́ irùngbọ̀n àwòrán Bánkálé, ní lẹ́tà wínníwínní, lára gbogbo owó orílẹ̀-èdè. Ó wo ilẹ̀.

"Ọ̀ṣọ́ lásán ni, Olórí."

Àkùkọ kò sí lókè òṣùpá. Bó bá wà ni, ìbá kọ.

Wọ́n kó owó àtijọ́, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sì fín ojú Bánkálé sẹ́yìn owó tuntun. Àṣà náà kú. Nígbà tí Fẹyíkẹ́mi pé ọdún méje, ó gun orí itan baba rẹ̀. "Bàbá, Ìyá Ẹfúnyẹlá ní owó máa ń júwe bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn tẹ́lẹ̀. Báwo ló ṣe ń ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ni. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. "Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni, jàre. Lọ ka Bíbélì rẹ."

Ní òwúrọ̀ Sátidé ìjì náà, nígbà tí Jíbọ́lá sáré dé ìdí ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó bá Ìyá Ẹfúnyẹlá níbẹ̀, ó ń pariwo: "Sọ́tùn-ún! Ẹ yí i sọ́tùn-ún!" Irin náà nípọn, ohùn kò kọjá. Kíkàn nìkan ló ń kọjá. Jíbọ́lá mú òòlù kan nílẹ̀, ó fi kàn án lẹ́ẹ̀mejì, bóyá wọn á mọ̀ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni. Láti inú, ẹnì kan kàn án padà lẹ́ẹ̀mejì, bí ọmọ tó ń jẹ́ ìpè baba rẹ̀. Ó tún kàn án. Wọ́n tún jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹni kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ mọ́.

Nígbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi máa gé ìlẹ̀kùn náà tán, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Fẹyíkẹ́mi wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì di irin tí a ń yí náà mú. Owó ẹyọ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Awọ àtàǹpàkò rẹ̀ ti bó. Ó ti wá ẹ̀yìn owó náà títí, imú Bánkálé nìkan ló sì rí.

Ìyá Ẹfúnyẹlá rọra gba owó náà lọ́wọ́ ọmọ. Kò pariwo. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí Olúwa bi àwọn Farisí: "Àwòrán àti àkọlé ta nìyí?"

"Ti Bánkálé ni!" ni gbogbo èrò fi ìbínú dáhùn.

Ṣùgbọ́n Jíbọ́lá ti rí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sínú àwọn lẹ́tà wínníwínní abẹ́ irùngbọ̀n, tó mú kí wọ́n hàn ketekete. Ó dojú bolẹ̀.

"Tèmi ni, Ìyá," ó wí. "Tèmi ni."