Lẹ́yìn Okùn Pupa

"Sister Mojọlá, Miss Juliana ní ká má kọjá ibí yìí o."

Ẹwàọlá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró níwájú okùn pupa tí wọ́n fà dí ojú ọ̀nà, ó di ọ̀pá síkì rẹ̀ mú gírígírí. Pátákó kan wà lára okùn náà tí wọ́n kọ ọ́ sí ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n ti ti ọ̀nà náà pa. Lẹ́yìn okùn, yìnyín funfun tẹ́ lọ rẹrẹ láìsí ipa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó ń wu ojú, ó sì ń dẹ́rù bani.

"Ẹwà, nínú èmi àti ìwọ, ta ni ẹ̀gbọ́n?" Mojọláolúwa bi í.

"Ẹ̀yin ni."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n. Ìyá Mojọlá ń gbé ní Thamesmead; àbúrò rẹ̀, Auntie Moráyọ̀, tó bí Ẹwàọlá, ń gbé ní Barnfield Estate ní Woolwich. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí London ti gbàgbé bí a ṣe ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nílé Auntie Moráyọ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kì í bọ́ sílẹ̀. Ìwà tó dára ni, bí ẹ̀gbọ́n náà bá ní làákàyè.

Ilé ìwé wọn ló kó wọn wá sórí òkè Faransé yìí láti kọ́ síkì, eré fífi pátákó gígùn tí a so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Oṣù Kejìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, yìnyín kò sì tíì rọ̀ tó. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà lórí òkè ńlá náà, méjì péré ló ṣí: ọ̀kan nísàlẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, èkejì kúkúrú, tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n yìnyín sí. Àga tí wáyà ń fà ló ń gbé wọn dé orí èkejì yìí. Okùn ni wọ́n fi dí gbogbo ìyókù.

Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún Mummy Mojọlá? Nọ́ọ̀sì ni, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ inú rẹ̀ kò gba ayọ̀ dúró. Kí àwọn ọmọ tó kúrò ní London ló ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ń lọ fi síkì sọ̀ kalẹ̀ láti ṣóńṣó òkè, àti pé lọ́jọ́ Sunday, gbogbo ìjọ á wo fídíò rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Mojọlá fi fídíò àkọ́kọ́ ránṣẹ́, àwọn ọmọ kéékèèké ń kọjá lára rẹ̀ fìrìfìrì, òun sì ń wọ́ ẹsẹ̀ bí àgbàlagbà. Kò pẹ́ tí ohùn Mummy fi wọlé sórí fóònù rẹ̀.

"Mojọlá, kí lèyí? Àwọn ọmọ nursery ń overtake ẹ! Mo ti sọ fún Pastor pé from the top ni o. Jọ̀ọ́, má dójú tì mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Mojọlá dé ẹ̀bá okùn. Ó ti yọ́ kúrò lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fa Ẹwàọlá dání.

"Ìwọ kọ́kọ́ máa lọ," ó ní. "Dúró níbi igi yẹn, kó o wá video mi bí mo ṣe ń bọ̀. Quick one, a ti parí."

"Ṣùgbọ́n Miss ní òkúta wà lábẹ́ snow yẹn, pé kò tíì—"

"Ẹwàọlá! Mo ní kó o lọ."

Ẹwàọlá wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ okùn kọjá.

Kò tíì dé ìdí igi nígbà tí síkì rẹ̀ kọ lu nǹkan. Ìró òkúta dún gbàgà lábẹ́ yìnyín. Ọmọ náà fò sókè, ó balẹ̀, ó yí gbiri, ó sì pòórá sí ìsàlẹ̀ etí òkè.

"Ẹwà! Ẹwàọlá!"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Mojọlá fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó fa fóònù yọ, ó pe Miss Juliana, olùkọ́ wọn, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá.

"Miss, Ẹwàọlá ti ṣubú!"

"Níbo lẹ wà?"

Mojọlá wo okùn pupa náà. Ó rántí ìjọ, ó rántí ìyá rẹ̀, ó rántí pé wọ́n lè lé òun padà sílé.

"Lórí... lórí ọ̀nà tó ṣí, Miss. Nítòsí ìsàlẹ̀."

Láìpẹ́ ó rí àwọn agbẹ̀mílà tó ń fa ọmọlanke aláìlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹni tó fara pa lórí yìnyín lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó ṣí. Wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó ń rí wọn, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá wá ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ó pa ẹnu mọ́. Ìtìjú ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni ohùn kan gòkè wá láti ìsàlẹ̀ etí òkè, ohùn tí kò lágbára.

"Sister Mojọlá... ẹ jọ̀ọ́... òtútù ń mú mi. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀ mi."

Nínú ìrora yẹn náà, ọmọ yìí ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un! Mojọlá bú sẹ́kún. Ó tún pe Miss Juliana.

"Miss, irọ́ ni mo pa! Ó kọjá okùn. Èmi ni mo ní kó kọjá. Òkè la wà, ẹ sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, òkè ni!"

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Ẹwàọlá jáde, ètè rẹ̀ ti rí bí eérú. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Agbẹ̀mílà kan sọ fún Miss Juliana pé ká ní wọ́n ṣì ń wá a nísàlẹ̀ ni, òtútù ni ì bá pa á, kì í ṣe ẹsẹ̀. Mojọlá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, Mummy pè.

"Thank God, kò kú. Gbọ́ mi, má sọ fún auntie ẹ pé ìwọ lo rán an. Just say she slipped. Mo mọ àbúrò mi, kò ní dárí jì wá."

"Mummy, irọ́ kan tí mo pa lónìí, ó kù díẹ̀ kó pa ọmọ wọn. Mi ò ní pa òmíràn."

Mummy gé ìpè náà. Lọ́jọ́ Sunday, kò sí fídíò kankan lórí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Mojọlá lọ sí Barnfield. Ẹwàọlá wà lórí àga gígùn, wọ́n ti fi POP, símẹ́ǹtì funfun tó ń mú egungun dúró, di ẹsẹ̀ rẹ̀. Mummy náà wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mojọlá kúnlẹ̀ níwájú Auntie Moráyọ̀, ó sì ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan irọ́ tó kọ́kọ́ pa fún Miss.

"Dìde," Auntie Moráyọ̀ ní. "Inú ń bí mi, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Àmọ́ ó dáa tó jẹ́ ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, o mọ̀ pé kò safe. Kí ló dé tí o ò kọ̀?"

"Mummy," Ẹwàọlá dáhùn jẹ́ẹ́, "ṣé ẹ máa jẹ́ kí n kọ̀ ni?"

Omi lé ròrò sójú Auntie Moráyọ̀.

"Rárá," ó ní. "Mi ò ní jẹ́ kó o kọ̀. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Láti òní lọ, bí ẹ̀rí ọkàn ẹ bá ní nǹkan ò dáa, kọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ èmi ni mo rán ẹ."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí tí a fi ń pe ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n nìyẹn: kó lè ṣọ́ àbúrò, kì í ṣe kó máa rán an lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí kò gba "rárá" lẹ́nu ọmọdé lè sọ ọmọ náà nù.

Mojọlá fà sún mọ́ àga gígùn. Ó mú ìrọ̀rí kan, ó fẹ́ tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ Ẹwàọlá.

"Rárá, ẹ fi sílẹ̀," Ẹwàọlá ní. "Ó ń dùn mí tó bá ga jù."

Mojọlá gbé ìrọ̀rí náà kúrò. "Mo ti gbọ́," ó ní. "O ṣeun tó o sọ fún mi."